Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú lóru: kí ló ń fa wàhálà rẹ̀, báwo la sì ṣe lè bá a gbé?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn oníròyìn rí ìlà lẹ́rẹ̀kẹ́ Joe Biden, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Kì í ṣe àbàjà, kì í sì í ṣe pélé. Okùn ẹ̀rọ CPAP ló tẹ̀ ẹ́ lójú mọ́jú, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀rọ náà ló fi ń sùn, torí àìsàn tó ń mú kí èémí dúró lójú oorun. Tí ààrẹ Amẹ́ríkà bá lè jí pẹ̀lú ìlà lójú kó sì jáde lọ síbi iṣẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Èkó máa tijú tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlà ojú gan-an ló kéré jù nínú ohun tí ẹ̀rọ yìí máa ń ṣe fún èèyàn. Imú á gbẹ, inú á wú, ojú á máa ta, ẹ̀rù á máa bani. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ náà ló máa ń gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárín oṣù mélòó kan. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń fa wàhálà kọ̀ọ̀kan, torí téèyàn bá mọ ìdí ọ̀rọ̀, ó rọrùn láti wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àìsàn náà fúnra rẹ̀. Ṣé ẹ ti mu pure water tán rí, tí ẹ wá fa afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ gidi? Ṣe ni láílọ́ọ̀nù yẹn á lẹ̀ mọ́ra. Bí ọ̀nà ọ̀fun àwọn kan ṣe ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá sùn. Tí a bá wà lójúfò, iṣan ọ̀fun wa le, ó ń di ọ̀nà náà mú kó má pa dé. Tí oorun bá gbé wa lọ, iṣan náà á dẹ̀. Lára ẹni tí ọ̀nà náà ti fún tẹ́lẹ̀, bóyá torí ọ̀rá ọrùn, bóyá torí bí egungun àgbọ̀n ṣe rí, bó ṣe ń fa èémí báyìí ni ọ̀nà á lẹ̀ pọ̀. Èémí á dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 10, 20, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ á ta á jí díẹ̀, á mí gúlegúle, á tún sùn padà. Kò ní rántí pé òun jí. Tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, àwọn dókítà á ní àìsàn náà ti wà. Tó bá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti wà ní ìwọ̀nba. Tó bá tó 30, ó ti le gan-an nìyẹn.

Nílé wa, tí bàbá bá ń hanrun tí ògiri ń mì, àwọn èèyàn á ní, “Oorun yẹn mà dùn mọ́ wọn o.” Tó bá wá ta gìrì, tó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí kúrò lábẹ́ omi, wọ́n á ní ogun òru ni. Kì í ṣe oorun dídùn rárá. Ẹni bẹ́ẹ̀ á jí pẹ̀lú orí fífọ́, á máa sùn nínú dáńfó títí tí á fi kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa ru.

Ohun tí ẹ̀rọ CPAP ń ṣe ò ju pé kó fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀nà ọ̀fun kí ọ̀nà náà má lè lẹ̀ pọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí agbára atẹ́gùn yẹn ṣe tó, ẹ wá ife gíga kan, ẹ bu omi kún un, ẹ ki sítíróò bọ̀ ọ́ títí tí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ wá fẹ́ ẹ títí tó máa fi hó. Agbára tí ẹ lò yẹn gan-an ni dókítà ń sọ tó bá ní “a fi sí 10”. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè ṣe láti 4 dé 20. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ́síjìn ni wọ́n rọ sínú ẹ̀rọ náà o. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yín ló ń fà, òun náà ló sì ń fẹ́ sí yín nímú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà sórí rẹ̀, ó ṣe pàtàkì fún àwa ará Èkó ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Dókítà Colin Sullivan ní Sydney, ní Ọsirélíà, ló ṣe é lọ́dún 1980. Kó tó dìgbà yẹn, ìtọ́jú tó dájú fún ẹni tí tiẹ̀ bá le ni kí wọ́n lu ihò sí i lọ́rùn kó lè máa gba ibẹ̀ mí. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún ló gbà pé kí Sullivan kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ wò lára òun. Ní 1981, ìròyìn nípa èèyàn márùn-ún jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà The Lancet. Ìbòmú ìgbà yẹn, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ imú ní alaalẹ́! Tí èyí tẹ́ ẹ ní báyìí bá ń dùn yín, ẹ rántí àwọn yẹn.

Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó ń dá híhanrun dúró, ó ń lé oorun ọ̀sán lọ, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Ní ti rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní SAVE, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, èèyàn 2,717 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ rí. Èsì náà ni pé ẹ̀rọ ò dín ìkọlù tuntun kù lára wọn lápapọ̀. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe lò ó: wákàtí 3 àti díẹ̀ péré lóru kan. Ìdajì oru ni wọ́n fi wọ̀ ọ́! A ò lè fi ìyẹn sọ pé tí wọ́n bá lò ó mọ́jú, èsì á yàtọ̀ dájú, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí èèyàn á máa lo ìdajì rẹ̀ tí á retí kó ṣiṣẹ́ pé. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n kà sí ìlò tó dáa ni wákàtí 4 ó kéré tán, ní òru 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo rí i pé ìyẹn náà kéré. Ohun tó ń lé èèyàn kúrò nídìí ẹ̀rọ yìí ni ìnira rẹ̀, ìnira náà ló sì yẹ ká dojú kọ.

Mo máa fi Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ṣe àpẹẹrẹ, torí mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, òun ni àdúgbò Ìsàlẹ̀ Èkó tí Oṣòdì Tápà àtàwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀ dó sí nígbà tí wọ́n tẹ̀ lé Kòsọ́kọ́ padà dé láti Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1862, agboolé 21 ni wọ́n sì pín ilẹ̀ náà sí. Ibẹ̀ náà ni M.K.O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní June 11, 1994. Ilé fẹ̀gbẹ́ kan ilé, fèrèsé yàrá kan dojú kọ ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ sì wà ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ CPAP kò ro irú ibẹ̀ yẹn rárá nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí imú gbígbẹ, torí òun làwọn èèyàn ń ráhùn lé lórí jù. Ẹnì kan á ní, “Ṣebí Èkó lomi wà, ooru Èkó ló ń mú wa làágùn, báwo ni imú mi ṣe wá ń gbẹ?” Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé imú wa dà bí ẹni tó ń yáni lówó. Tí a bá fa èémí wọlé, imú á yá a ní omi díẹ̀ kó má bàa gbẹ ẹ̀dọ̀fóró. Tí èémí bá ń jáde padà, imú á gba díẹ̀ nínú omi yẹn padà. Tí ẹnu yín bá wá là sílẹ̀ lójú oorun, atẹ́gùn ẹ̀rọ á gba imú wọlé, á gba ẹnu jáde. Imú á máa yáni lówó, kò ní rí gbèsè gbà. Láàárọ̀, ó ti jẹ gbèsè tán. Á wú, á dí, ọ̀fìnkìn á bẹ̀rẹ̀. Imú tó dí á tún mú kí ẹnu là sí i. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń yí po ni.

Torí náà, ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ẹnu. Tí ẹnu yín bá ń gbẹ bí igi láàárọ̀, ó ń là lóru nìyẹn. Okùn kan wà tí wọ́n ń fi gbé àgbọ̀n ró. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Fún ẹni tí imú rẹ̀ ti máa ń dí tẹ́lẹ̀, ìbòmú tó bo imú àti ẹnu pọ̀ ló máa ń sàn jù. Ẹ lè ra omi oníyọ̀ tí wọ́n ń fín sí imú ní kẹ́míìsì, kí ẹ fín in kí ẹ tó sùn. Tí imú ò bá ṣí, dókítà lè fún yín ní oògùn fífín tó ń mú wíwú wálẹ̀. Ẹ má ra èyí tó ń ṣí imú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ẹ máa lò ó lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan o, torí tó bá pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni á bẹ̀rẹ̀ sí í di imú.

Ohun kejì ni ike omi tó wà lára ẹ̀rọ, tó ń mú omi gbóná díẹ̀ kí atẹ́gùn lè tutù lẹ́nu. Nígbà òjò tí fèrèsé ṣí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ò nílò kó ga. Nígbà ọyẹ́, tàbí nínú yàrá tí éásì ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé e sókè. Omi tí wọ́n ní kí ẹ lò ni èyí tí wọ́n sè títí tó di èéfín, tí wọ́n wá gba èéfín náà padà ní omi. Omi borehole ní èròjà tó máa lẹ̀ mọ́ ìdí ike bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùrù, sísè kò sì lè mú un kúrò, ṣe ló tún ń ki sí i. Tí kò bá sí èyí tí mo sọ yẹn, pure water tó mọ́ lè gbà yín là fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sáà fọ ike náà dáadáa. Omi tí àwọn rewire ń dà sí bátìrì ńkọ́? Ẹ má dán an wò, torí ásíìdì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì da omi àná lé ti òní.

Àwọn kan ń sọ pé omi ń dà sí àwọn nímú láàárín òru. Ẹ ti rí pure water tútù tó ń làágùn lórí tábìlì? Ohun kan náà ni. Atẹ́gùn gbígbóná tó rù omi ń gba inú rọ́bà tí éásì ti mú tutù, omi inú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sínú rọ́bà. Ẹ dín éásì kù tàbí kí ẹ dín ooru ike omi kù, ẹ gba rọ́bà náà abẹ́ aṣọ ìbora, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ sí ibi tó rẹlẹ̀ ju orí yín lọ kí omi lè padà sẹ́yìn. Kó má kàn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí eruku pọ̀ sí. Àpótí kúkurú ti tó.

Àǹtí mi kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan: “Ẹ̀rọ yín yìí ti fẹ́ inú mi bíi bọ́ọ̀lù. Gùfẹ̀ ni mò ń gùn látàárọ̀, èyí tó ń gba ìsàlẹ̀ jáde, mi ò lè sọ ọ́.” Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan ẹ̀rín fún wọn. Atẹ́gùn náà ò mọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró nìkan la rán an sí. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà, tí agbára atẹ́gùn bá wá pọ̀, díẹ̀ á yà sí ikùn. Kí ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn náà, kí ẹ má sì jẹun yó kí ẹ wá dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú Ramadan, ẹni tó jẹ sààrì tó kírun tán tó fẹ́ sùn padà, kó jókòó díẹ̀ ná, kó sì tún ìbòmú wọ̀, torí oorun ìdájí yẹn náà oorun ni. Tí kò bá lọ, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ̀rọ kan wà tó ń yí agbára padà fúnra rẹ̀, òmíràn ń dín agbára kù tí ẹ bá ń mí jáde. Àǹtí mi, wọ́n dín tiwọn kù láti 14 sí 11 nílé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra yín o, torí tí ẹ bá dín in kọjá ààlà, ọ̀nà ọ̀fun á padà lẹ̀ pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ní ti ìbòmú, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí èèyàn fa okùn rẹ̀ le koko. Atẹ́gùn ń jò sí ojú, èèyàn á fa okùn, ṣe ni á tún jò sí i, nítorí pé etí ìbòmú náà ti ká. Ó yẹ kí ìka kan lè wọ abẹ́ okùn. Ẹ dùbúlẹ̀ bí ẹ ṣe máa sùn, kí ẹ tan ẹ̀rọ, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tún okùn ṣe, torí ojú wa tí a bá jókòó yàtọ̀ sí tìgbà tí a bá dùbúlẹ̀. Ẹ fọ ojú kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Òrí dáa lára, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi òrí tàbí fasilíìnì para ojú, ìbòmú á máa yọ̀, èyí tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe á sì ba rọ́bà rẹ̀ jẹ́. Robb àti Abóníkí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá, ẹ má fi sí imú lábẹ́ ìbòmú, ẹ má sì fi sínú ike omi. Àlùfáà tó ní irùngbọ̀n gọbọi kò ní rí ìbòmú ńlá lò dáadáa, èyí kékeré tó ń jókòó sí ẹnu ihò imú ló máa bá a mu. Obìnrin tó dirun ńlá ńkọ́? Tí irun bá ti wú lẹ́yìn orí, okùn ò ní jókòó. Ẹ kó irun náà sókè orí, kí ẹ wọ fìlà sátíìnì, kí okùn wá gba orí rẹ̀.

Ẹ̀rù kì í ṣe nǹkan tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nǹkan bo èèyàn lójú, atẹ́gùn ń tì í, ọkàn á ní wọ́n fẹ́ fún òun lọ́rùn. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ mú un ní díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án: lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kàn gbé ìbòmú sí ojú lásán láìde okùn, kí ẹ máa wo fíìmù. Tó bá mọ́ yín lára, ẹ de okùn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sùn lọ́sàn-án. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Iná wá ńkọ́? Tí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ìbòmú wà lójú, ẹ ò ní kú: ìbòmú tó bo imú àti ẹnu ní ihò kan tó máa ṣí fún afẹ́fẹ́ yàrá, ẹni tó wọ ti imú nìkan sì lè la ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ má sùn lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ti kú, ẹ bọ́ ọ. Bátìrì ló máa yanjú ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń jẹ bíi wáàtì 30 sí 60 tí ike omi ò bá gbóná. Ẹ jẹ́ ká ní 40, fún wákàtí 7: 280 nìyẹn. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah ní 1,200 nínú, tí a bá lo ìdajì rẹ̀ kó má bàa tètè kú, 600 ló kù. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Tí ẹ bá wá tan ooru omi àti ooru rọ́bà, ẹ̀rọ lè jẹ tó 80, ìyẹn 560, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láì tíì tan fáànù. Torí náà, lálẹ́ tí kò sí iná, ooru omi ni kí ẹ kọ́kọ́ pa.

Jẹnẹrétọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo ní ká fi í sọ́kàn pé afẹ́fẹ́ yàrá ni ẹ̀rọ yìí ń fà. Asẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, eruku ló ń dá dúró. Carbon monoxide tó ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀ á gba inú asẹ́ yẹn kọjá bíi pé kò sí níbẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀nà tó ju igba ìgbà lọ bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó gbé jẹ́ẹ̀nì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè fi tan CPAP, inú ewu tó ju híhanrun lọ ló wà, òun àti gbogbo ará ilé. Tiyín lè wà lóde, kí ti aládùúgbò wà lábẹ́ fèrèsé yín. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ọ̀rọ̀ agboolé nìyẹn, ó yẹ kí ẹ jọ jókòó sọ ọ́. Kọ́ìlì ẹ̀fọn náà, ẹ má tàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ lo nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gba rọ́bà abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ máa wo asẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí eruku Ìdúmọ̀tà bá dé, á ti dúdú kí ọjọ́ tí ìwé sọ tó pé.

Ó ku ti tòkunbọ̀, torí tuntun wọ́n, mi ò lè dá ẹni tó ra àlòkù lẹ́bi. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà: ṣé ó gba 100 sí 240 ni, àbí 110 nìkan? Ti 110 á jóná lọ́jọ́ tí ẹ bá kì í bọ iná wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo orúkọ rẹ̀. Ní June 14, 2021, ilé iṣẹ́ Philips pe mílíọ̀nù mélòó kan ẹ̀rọ rẹ̀ padà, títí kan DreamStation àkọ́kọ́, nítorí pé fóòmù tí wọ́n fi dín ariwo kù nínú wọn lè jẹrà kó máa bá atẹ́gùn wọ inú ẹni tó ń lò ó. Ooru àti ọ̀rinrin wà lára ohun tó ń mú kó tètè jẹrà, àwa sì ní méjèèjì. Nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lára páálí kékeré lábẹ́ rẹ̀, ẹ yà á ní fótò, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó san owó. Rọ́bà, ìbòmú àti asẹ́ àlòkù, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá.